Bí Yúróòpù ṣe ń ṣe òdiwọ̀n: ìbéèrè àti ìdáhùn

A kọ èyí fún ẹni tó ń ta ọjà sí Yúróòpù, ẹni tó ń ṣe ọjà níbẹ̀, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rí lẹ́tà EN lára páálí tí kò mọ ibi tó ti wá. Ohun tó ń dùn wá jù ni pé ọ̀sẹ̀ 12 kan wà tí ará ìta lè dá sí òdiwọ̀n kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àwọn tó kàn gbọ̀ngbọ̀n kì í sì í mọ̀. Ìgbà tó bá ti di ìwé títà tán ni wọ́n tó máa ń ké gbàjarè.

Kí ni òdiwọ̀n Yúróòpù gan-an?

Ìwé ni. Ó ń sọ bí ohun kan ṣe gbọ́dọ̀ rí, bí a ó ṣe dán an wò, àti èsì tó fi hàn pé ó yege. Lẹ́tà EN ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú EN 71-1, tó jẹ́ ti ohun ìṣeré ọmọdé. Wọ́n júwe ike róbótó kan nínú rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 31.7 mm. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́: ẹ̀gbẹ́ kan jìn tó 25.4 mm, ẹ̀gbẹ́ kejì jìn tó 57.1 mm. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ kékeré ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé oṣù 36, tàbí ohunkóhun tó já lára rẹ̀, bá wọ inú ike yẹn tán láìjẹ́ pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ti kùnà nìyẹn.

Kó tó kan inú ike rárá, ohun ìṣeré náà á kọ́kọ́ jìyà. Wọ́n á jẹ́ kó já bọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún láti òkè tó ga tó 850 mm sórí irin pẹlẹbẹ. Bó bá jẹ́ bèbí ni, wọ́n á fi agbára 0.34 Nm lọ́ ojú rẹ̀. Wọ́n á wá fi 90 N fà á, ìyẹn bí ẹni gbé ẹrù kílò mẹ́sàn-án kọ́ ọ; bí ohun tí wọ́n ń fà kò bá ju 6 mm lọ, 50 N ni. Wọn kì í já a gbà lójijì: láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni agbára náà á fi gòkè, wọ́n á sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kò sí ọ̀kan nínú nọ́ńbà wọ̀nyí tó já bọ́ láti ọ̀run. Ẹnì kan ló dábàá rẹ̀, àwọn mìíràn jiyàn lé e lórí, orílẹ̀-èdè sì dìbò.

Ṣé òfin ni? Ṣé wọ́n lè mú mi bí n kò bá tẹ̀lé e?

Kì í ṣe òfin. Òfin EU lórí ohun ìṣeré, Directive 2009/48/EC, sọ pé ohun ìṣeré kò gbọdọ̀ há ọmọ lọ́fun, kò sọ iye mílímítà. Òdiwọ̀n ló gba mílímítà rò. Láti May 1985 ni wọ́n ti pín iṣẹ́ náà báyìí: òfin á sọ ohun tí a fẹ́, àwọn onímọ̀ á sọ bí a ó ṣe mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn mínísítà ló ń jókòó bá ara wọn fà á lórí ìwọ̀n gbogbo nǹkan nínú òfin fúnra rẹ̀, iṣẹ́ náà ò sì tètè ń parí.

Kí ló dé tí gbogbo ènìyàn fi ń tẹ̀lé ohun tí kì í ṣe dandan? Nítorí àǹfààní kan ni. Bí wọ́n bá ti kéde òdiwọ̀n kan nínú Official Journal, tó jẹ́ ìwé ìkéde ìjọba EU, ẹni tó bá tẹ̀lé e, òfin á gbà pé ó ti ṣe ohun tó yẹ, àfi bí ẹnì kan bá mú ẹ̀rí wá pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Lórí ohun ìṣeré, ẹni tó tẹ̀lé òdiwọ̀n dé ìparí lè bójú tó àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀, kó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún ọdún 10. Ẹni tí kò tẹ̀lé e, tàbí tó tẹ̀lé e dé ìdajì, gbọ́dọ̀ gbé ọjà rẹ̀ lọ bá ilé àyẹ̀wò tí ìjọba fọwọ́ sí. Owó gidi nìyẹn, ìdúró sì wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé CE àti EN fún ara wọn o. Àmì CE, olùṣe ọjà fúnra rẹ̀ ló ń lẹ̀ ẹ́ láti jẹ́rìí pé ọjà òun bá òfin mu. EN jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

Ta ló ń ṣe é? Ṣé ìjọba EU ni?

Ìjọba kọ́. Àjọ mẹ́ta ni òfin EU dá mọ̀ fún iṣẹ́ yìí, nínú Regulation 1025/2012. CEN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọjà: ohun ìṣeré, sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ, oúnjẹ. CENELEC, ti 1973, ló ni iná mànàmáná. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò ní Brussels. ETSI, ti 1988, ló ni tẹlifóònù àti rédíò. Ìlú Sophia Antipolis ní gúúsù Faransé ló wà.

Àjọ òdiwọ̀n orílẹ̀-èdè 34 ló para pọ̀ di CEN: àwọn 27 tó wà nínú EU, Áísìlàndì, Nọ́wè, Swítsálàndì, Sẹ́bíà, Masẹdóníà Àríwá, Tọ́kì, àti Ìlú Ọba. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìlú Ọba ṣì wà níbẹ̀. Brexit mú un kúrò nínú EU, àmọ́ CEN kì í ṣe ẹ̀ka EU, nítorí náà BSI, àjọ òdiwọ̀n Ìlú Ọba, ṣì ń dìbò, ó sì ń gba EN wọlé bíi tàtẹ̀yìnwá. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tó ń ṣòwò ní London rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Kò parí rárá.

ETSI yàtọ̀ díẹ̀: ilé-iṣẹ́ lè wọ inú rẹ̀ tààrà láìgba ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè kọjá. Àmọ́ láti 2023, lẹ́yìn àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ní 2022, bó bá di òdiwọ̀n tí Kọmíṣọ̀n Yúróòpù, ìyẹn ẹ̀ka aláṣẹ EU, ní kí wọ́n ṣe, àwọn aṣojú àjọ òdiwọ̀n orílẹ̀-èdè nìkan ló ní ẹnu ìpinnu lórí rẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹnì kan á dábàá. Ó lè jẹ́ àjọ orílẹ̀-èdè kan, ó lè jẹ́ ìgbìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀, ó sì lè jẹ́ Kọmíṣọ̀n, tó máa ń fi ìwé sọ pé òun fẹ́ òdiwọ̀n lórí nǹkan kan láti ti òfin kan lẹ́yìn. Bí ìwé yẹn bá dé, oṣù kan ni àjọ náà ní láti sọ bóyá òun gbà á. Wọ́n lè kọ̀.

Bí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ náà wọlé, orílẹ̀-èdè kankan nínú àwọn 34 kò tún gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Gbogbo wọn á dá ọwọ́ dúró. Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á máa bẹ àjọ orílẹ̀-èdè wọn pé kó ṣe òdiwọ̀n kan fún wọn, nígbà tí iṣẹ́ kan náà ti wà lórí tábìlì ní Brussels láti ọdún tó kọjá.

Àwọn wo ló ń jókòó kọ ọ́?

Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní TC ló ni iṣẹ́ náà. Ti ohun ìṣeré ni CEN/TC 52, Dẹ́nmárkì ló sì ń ṣe akọ̀wé rẹ̀. Lábẹ́ TC ni WG wà, ìyẹn àwọn onímọ̀ díẹ̀ tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ ká mọ̀: ẹni tó jókòó ní WG, ìmọ̀ orí ara rẹ̀ ló ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló rán an lọ. Ẹni tó jókòó ní TC, ẹnu orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ń gbé wá. Kò lè sọ ohun tí ìgbìmọ̀ abẹ́lé kò bá rán an.

Ìgbìmọ̀ abẹ́lé yìí ló ṣe kókó. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ fún TC tó bá kàn án. Inú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́, yàrá àyẹ̀wò, yunifásítì àti àwọn tó ń jà fún oníbàárà ti ń fi ẹnu kò kí wọ́n tó rán aṣojú lọ.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ibẹ̀. CEN kì í sanwó fún àwọn onímọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tó bá rán wọn ló ń san owó ọkọ̀ àti owó ọjọ́ tí wọ́n fi jókòó. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi pọ̀ níbẹ̀ ju oníṣẹ́ ọwọ́ lọ, a ò sì gbà pé ohun tó dára ni. Ohun tí EU ṣe sí i ni pé ó ń ran àjọ mẹ́rin lọ́wọ́ láti jókòó síbẹ̀: ANEC fún oníbàárà, ETUC fún òṣìṣẹ́, ECOS fún àyíká, SBS fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n lè kọ àtakò, àmọ́ wọn ò ní ìbò.

Kí ni ọ̀sẹ̀ 12 tí ẹ mẹ́nu bà?

Bí TC bá ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti tó, ó di àbá tí wọ́n ń pè ní prEN. Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gbogbo àjọ orílẹ̀-èdè, àwọn náà á sì ṣí i sílẹ̀ fún ará ìlú. Enquiry ni orúkọ àsìkò yìí. Ọ̀sẹ̀ 12 ni. Ní Ìlú Ọba, BSI máa ń gbé àbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. DIN ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Orúkọ àti ímeèlì nìkan lẹ máa fi sílẹ̀. Ẹ ò ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Ìwé yìí kan náà, bó bá ti di EN tán, owó lẹ máa fi rà á. Nínú ọ̀sẹ̀ 12 yìí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè yí i padà.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé ọ̀sẹ̀ 12 tán pátápátá. Àjọ orílẹ̀-èdè yín nílò àyè láti kó ọ̀rọ̀ gbogbo yín jọ, kí ìgbìmọ̀ abẹ́lé jókòó lé e lórí, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún ará ìlú máa ń ṣáájú ọjọ́ tí Brussels fún wọn. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ kọkànlá ti pẹ́ jù.

Báwo ni mo ṣe máa kọ àtakò tí wọn kò ní jù nù?

Fọ́ọ̀mù kan wà fún un, tábìlì tó ní òpó: orúkọ orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ìlà, nọ́ńbà abala, ìpínrọ̀ tàbí àwòrán, irú ọ̀rọ̀ náà, àlàyé, àtúnṣe tí ẹ fẹ́, àti òpó tí akọ̀wé á kọ ìdáhùn sí. Irú ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà: ge bó bá kan ìwé náà lápapọ̀, te bó bá kan iṣẹ́ gan-an, ed bó bá jẹ́ àṣìkọ.

Òpó "àtúnṣe tí ẹ fẹ́" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ lófìfo, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àbá kan ní kí wọ́n jẹ́ kí ohun ìṣeré já bọ́ sórí irin, kò sì sọ bí irin náà ṣe nípọn tó. Ẹnì kan kọ pé: "Àlàyé yìí kò tó." Òótọ́ ló sọ, àmọ́ àwọn onímọ̀ náà ò ní mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Wọ́n á kọ "a ti gbọ́" sí i, wọ́n á kọjá lọ. Ẹlòmíràn kọ pé: "te. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń mì nígbà tí nǹkan bá bọ́ lù ú, ó sì ń gbà lára ìkọlù náà, nítorí náà yàrá àyẹ̀wò méjì á rí èsì méjì lára bèbí kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ báyìí: irin tó nípọn tó 4 mm, tí a fi nǹkan tó nípọn tó 2 mm bò." Èyí á wọlé, nítorí pé ó ti fi gbólóhùn tí wọ́n máa lò lé wọn lọ́wọ́. Irú irin bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì wà nínú EN 71-1 lónìí.

Ohun mìíràn tó ń pa àtakò: ẹni tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Brussels tààrà dípò àjọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹni tó bu ẹnu àtẹ́ lu abala tí kò sí lára ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ àtúnṣe kékeré ni wọ́n ń ṣe, àti ẹni tí àtúnṣe rẹ̀ kò jẹ́ kí ọjà ẹlòmíràn wọlé, àfi tirẹ̀ nìkan. Àwọn onímọ̀ máa ń rí èyí tó kẹ́yìn yẹn kíákíá.

TC gbọ́dọ̀ wo gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọlé, kó sì kọ ohun tó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn yín á wà nínú òpó tó kẹ́yìn. Ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ àjọ orílẹ̀-èdè yín.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dìbò?

Lẹ́yìn àtúnṣe, ìwé náà di FprEN, wọ́n á sì gbé e lọ fún ìbò ìkẹyìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí ìbò ìgbà Enquiry bá ti gbè é, tí kò sì sí àtúnṣe gidi, TC lè fo ìpele yìí. Ní ìbò ìkẹyìn, àṣìkọ nìkan ni wọ́n ṣì ń gbọ́. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wá nígbà yẹn, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ di ìgbà àtúnṣe tó ń bọ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá sì dìbò pé "rárá" gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀.

Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pé pọ̀ kó tó wọlé. Ó kéré tán ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì gbọ́dọ̀ gbè é, àwọn tó gbè é sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún iye ènìyàn tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tó dìbò. Ẹni tó bá kówọ́ dúró, wọn ò ka tirẹ̀. Báyìí, àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké kò lè fi pípọ̀ borí, àwọn ńlá náà kò sì lè dá a ṣe.

Bí orílẹ̀-èdè mi bá dìbò pé "rárá" ńkọ́?

Bó bá wọlé, ó di dandan fún un láti gbà á.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbò?

Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì ni CEN fi ń gbé ìwé náà jáde. Wọ́n á kọ ọjọ́ sí iwájú rẹ̀: ọjọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ di tiwọn, tí wọ́n ń pè ní DOP, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti fa òdiwọ̀n àtijọ́ tó takò ó ya, tí wọ́n ń pè ní DOW. Oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ibi tí òfin orílẹ̀-èdè kan bá ti ta kò ó, tí òfin náà kò sì sí lọ́wọ́ àjọ òdiwọ̀n láti yí padà, wọ́n á kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà gẹ́gẹ́ bí A-deviation.

Láti ọjọ́ àbá dé ọjọ́ yìí, bí ọdún mẹ́ta ni.

Kí ni ìtumọ̀ gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà níwájú?

Ọ̀tún ni kẹ́ ẹ ti kà á wá. BS EN ISO túmọ̀ sí pé ISO, àjọ òdiwọ̀n àgbáyé, ló kọ́kọ́ ní in, Yúróòpù gbà á, Ìlú Ọba náà gbà á. DIN EN ni ti Jámánì, NF EN ti Faransé, UNI EN ti Ítálì. BS EN àti DIN EN tó ní nọ́ńbà àti ọdún kan náà, òdiwọ̀n kan náà ni; ìwé ìṣáájú àti èdè ló yàtọ̀. Ẹ má ṣe ra méjèèjì.

EN 71-1:2014+A1:2018 túmọ̀ sí ìwé 2014 tí wọ́n ṣe àtúnṣe kìíní sí ní 2018. Ní iná mànàmáná, EN 50000 sókè jẹ́ iṣẹ́ CENELEC fúnra rẹ̀, EN 60000 sókè wá láti ọ̀dọ̀ IEC, àjọ òdiwọ̀n iná mànàmáná àgbáyé. Àṣìṣe tí a ń rí jù lórí ìwé ẹ̀rí ọjà ni pé wọ́n kọ nọ́ńbà láìkọ ọdún. Kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ẹni tó fẹ́ rajà kò lè mọ èyí tí ẹ fi dán an wò.

Òdiwọ̀n ti jáde, mo ti rà á. Kí ló dé tí wọ́n ní kò tíì wúlò fún mi?

Nítorí pé kò tíì sí nínú Official Journal. Ìgbésẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, òun ló sì ń fa ìjákulẹ̀ jù nínú gbogbo ètò yìí. Àǹfààní tí a sọ lókè, ọjọ́ tí Kọmíṣọ̀n bá kéde rẹ̀ níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí CEN gbé e jáde.

Kí Kọmíṣọ̀n tó kéde rẹ̀, àwọn aláyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HAS consultants á ti wo bóyá ìwé náà bá òfin mu. Ohun tí wọ́n máa ń mú jù ni kí ìwé náà tọ́ka sí òdiwọ̀n mìíràn láìsọ ọdún rẹ̀, nítorí pé ohun tí Kọmíṣọ̀n fọwọ́ sí lónìí lè yí padà lọ́la láìsọ fún un. Òmíràn ni kí abala kan fi ìpinnu sílẹ̀ fún olùṣe ọjà níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Òmíràn ni Annex ZA, tábìlì ẹ̀yìn ìwé tó ń fi abala kọ̀ọ̀kan wé òfin: bó bá ní àlàfo, ó ti dúró nìyẹn.

Kọmíṣọ̀n ti wá le lórí èyí lẹ́yìn ẹjọ́ kan tó wá láti Ireland. Wọ́n da òkúta sí abẹ́ ilé ọ̀dọ́ kan ní Dublin, òkúta náà ní pyrite nínú, ó wú, ilẹ̀ àti àjà ilé náà sì fọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ EU bóyá ó lè túmọ̀ EN 13242, òdiwọ̀n tí òkúta náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ní October 27, 2016, nínú ẹjọ́ James Elliott, C-613/14, Ilé Ẹjọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni: irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ ti di apá kan òfin EU. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń kéde rẹ̀ mọ̀ pé òfin lòun ń kéde.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó san owó ìwé kankan, ẹ wo àtòjọ òfin tó kàn yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì Kọmíṣọ̀n, ẹ wo ọdún tó wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìwé àtijọ́ lẹ ṣì nílò.

Bó bá ti di apá òfin, kí ló dé tí mo ṣì fi ń sanwó?

Ìbéèrè tó tọ́ ni, àwọn kan sì ti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Public.Resource.Org àti Right to Know ní kí Kọmíṣọ̀n fún àwọn ní òdiwọ̀n mẹ́rin, mẹ́ta lórí ohun ìṣeré, ọ̀kan lórí nickel. Ní March 5, 2024, ẹjọ́ C-588/21 P, Ilé Ẹjọ́ EU dá wọn láre: ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí òfin sọ. Ìyẹn kò sọ gbogbo EN di ọ̀fẹ́. Ohun tó ṣe ni pé ó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè èyí tó wà nínú Official Journal lọ́wọ́ Kọmíṣọ̀n.

Ti ETSI jẹ́ ọ̀fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti CEN àti CENELEC, àjọ orílẹ̀-èdè ló ń tà á, owó wọn kò sì dọ́gba. EVS ti Estonia gbajúmọ̀ pé ìwé rẹ̀ kì í wọ́n. Ẹ fi wé kẹ́ ẹ tó rà.

Ṣé Yúróòpù ló ń kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀?

Rárá. Àdéhùn Vienna, ti 1991, ló so CEN mọ́ ISO. Àdéhùn Frankfurt, ti 2016, ló so CENELEC mọ́ IEC. Ẹ wo okùn fóònù yín. USB-C, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ló kọ́kọ́ kọ ọ́, IEC gbà á sí 62680-1-3, CENELEC sọ ọ́ di EN IEC 62680-1-3, lẹ́yìn náà Directive 2022/2380 kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú òfin gan-an. Látàrí èyí, láti December 28, 2024 ó di dandan fún fóònù tí wọ́n bá ń tà ní EU. Ti láptọ́ọ̀pù ni April 28, 2026. Ibí yìí ni òdiwọ̀n ti kúrò ní "bó bá wù yín".

Ẹ fi wé ẹnu ògiri tí ẹ ń ki okùn náà bọ̀. Kò sí òdiwọ̀n kan ṣoṣo fún un ní Yúróòpù dòní. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe, nítorí pé gbogbo ilé ni ì bá tún wáyà rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta BS 1363, tí Nàìjíríà bá Ìlú Ọba lò, fi ń nílò adaptor ní Paris. EN 50075 tí wọ́n rí ṣe, pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ, kò ju 2.5 A lọ. Ẹ má fi so áyọ́ọ̀nù.

Mo wà ní Nàìjíríà. Ṣé mo lè dá sí i?

Bó bá jẹ́ EN lásán, kò sí ìbò fún yín níbẹ̀, àmọ́ ẹ lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí àbá tí BSI ṣí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ EN ISO, ọ̀nà gbòòrò wà. Ọ̀sẹ̀ 12 tí CEN fi ń ṣe Enquiry, ISO náà á fi máa dìbò lórí àbá kan náà, tí òun ń pè ní DIS. SON, àjọ òdiwọ̀n Nàìjíríà, jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kíkún nínú ISO, ó sì lè dìbò, ó lè kọ àtakò. Ìgbìmọ̀ abẹ́lé SON ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀.

Kòkó ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. ISO 34101, apá mẹ́rin, tó jáde ní 2019, CEN àti ISO ló jọ kọ ọ́. Ó sọ bí àgbẹ̀ ṣe máa ṣètò oko, bí wọ́n ṣe máa tọpa àpò kòkó láti oko dé ọkọ̀ ojú omi. Fún àgbẹ̀ Oǹdó àti Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè di ohun tí olùrà ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má gbé e fún òfin EU lórí pípa igbó run, Regulation 2023/1115, o. Òfin nìyẹn: kòkó kò gbọdọ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó ibẹ̀ run lẹ́yìn December 31, 2020, oko tó bá sì ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ ní àwòrán ààlà rẹ̀ yípo. Kò sí ìwé ẹ̀rí ISO kankan tó lè dípò ìyẹn, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á dún tó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé èyí tó kàn mí wà lọ́wọ́ àtúnṣe?

Ó pẹ́ tán, ọdún márùn-ún sí ìgbà tí EN bá jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè bóyá kó dúró, kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n fà á ya. Bí ewu bá yọ kó tó dìgbà náà, ìjọba orílẹ̀-èdè EU kan tàbí ilé aṣòfin EU lè ta kò ó lábẹ́ abala 11 Regulation 1025/2012, Kọmíṣọ̀n sì lè yọ ọ́ kúrò nínú Official Journal.

Ẹ wo iwájú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó rí nọ́ńbà TC rẹ̀. Ẹ wá TC náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì CEN tàbí CENELEC, ẹ ṣí ètò iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà ìpele tó wà níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. 40.20 túmọ̀ sí pé Enquiry ti ṣí, 40.60 pé ó ti pa dé, 50.20 pé ìbò ìkẹyìn ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì wà nísàlẹ̀ 40.20, ẹ kọ̀wé sí àjọ orílẹ̀-èdè yín lónìí pé kí wọ́n fi orúkọ yín sára àwọn tí wọ́n máa ta lólobó ọjọ́ tó bá ṣí.